Kọ̀ǹpútà tó ń kú lọ́sàn-án: fáànù márùn-ún ní Kàbà, gbogbo wọn ń fẹ́ atẹ́gùn síta

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ni Àǹtí pè mí, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ Ọ̀kun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, mọ ohun tí Ọjọ́bọ̀ jẹ́ fún ẹni tó ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Àìsùn di alẹ́ Jímọ̀, òkú á wọlẹ̀ ní Sátidé, ìwé sì gbọ́dọ̀ ti wà nílé olókùú kí àlejò Èkó àti Àbújá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

“Àbúrò, ọ̀kun o. Nǹkan yìí tún ti kú. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ni mo ní kó sọ di PDF, ó ṣe mẹ́rìnlá, ó kú fin.”

Mo bi í bóyá iná ló lọ. Ó ní gílóòbù ṣì ń tàn lórí òun.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí wà ní Kàbà, nínú ìlà ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan. Aránṣọ wà lápá òsì rẹ̀, ẹni tó ń lọ èlùbọ́ sì wà lápá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀bù méjì sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé alọlùbọ́ yẹn. Kọ̀ǹpútà náà jẹ́ èyí tí wọ́n tò fúnra wọn: kéèsì dúdú tó ga, processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) Core i5 ti Intel, ìran kẹrin, àti hard disk kan tí gbogbo iṣẹ́ Àǹtí láti 2013 wà nínú rẹ̀. Hard disk yẹn ni ọrọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún máa ń padà wá fún ìrántí ọdún kẹwàá, fọ́tò bàbá kò sì sí níbòmíràn mọ́ àfi ibẹ̀.

Kí n tó máa tẹ̀ síwájú, mo ní láti jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn nìyí. Mo ti lọ síbẹ̀ nínú oṣù kejì. Nígbà náà, ohun tí gbogbo ènìyàn ń wí ni pé iná ni, pé iná ń fò. Àǹtí ti ra stabilizer tuntun nítorí rẹ̀, ẹ̀rọ ò gbọ́, ó ṣì ń kú. Mo wo àkọsílẹ̀ Windows, mo rí Kernel-Power 41 lọ bẹẹrẹbẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń rí èyí tí wọ́n á ní power pack, àpótí tó ń pín iná fún inú ẹ̀rọ, ló ti bàjẹ́. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kú. Kò sọ ohun tó pa á.

Àkókò tó ń kú ló tú àṣírí. Kì í kú láàárọ̀ rárá. Ó ń kú láàárín aago méjìlá sí mẹ́rin, nígbà tí páànù orí ṣọ́ọ̀bù bá gbóná débi pé ènìyàn kò lè gbé ọwọ́ lé e, tí Àǹtí sì ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí ó bá sì ti kú, tí wọ́n bá tàn án lójú ẹsẹ̀, á tún kú láàárín ìṣẹ́jú méjì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kí wọ́n lọ jẹun, á jí bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Iná kì í ṣe báyìí. Ibà ló ń ṣe báyìí.

Mo tú u lọ́jọ́ náà. Nínú ilé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, irin eléyín bí òòyà kan wà tó dúró lórí processor, heatsink ni a ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ooru lára processor kó sì nà án fún atẹ́gùn láàárín àwọn eyín yẹn. Ti Àǹtí kò ní eyín mọ́. Èlùbọ́ àti eruku ti dí i pa, ó nípọn bí ìdérí ike ìpara, mo sì fi ọ̀bẹ ṣí i ní odidi bí ẹni ṣí ọ̀ọ̀lẹ̀ lára ewé. Mo fẹ́ ẹ pẹ̀lú blower, mo di abẹ fáànù mú kó má bàa yí (ẹni tí blower bá yí fáànù fún ju bó ṣe yẹ lọ yóò ra fáànù mìíràn, mo ti rà), mo nu thermal paste àtijọ́ (ìpara tó ń gbé ooru láti ara processor dé heatsink) tó ti gbẹ bí ẹ̀fun, mo fi tuntun síbẹ̀, ẹyọ kan tó tó ẹ̀wà. Kí n tó ṣe é, nígbà tó ń ṣiṣẹ́, HWMonitor, ètò tó ń ka ooru inú ẹ̀rọ, ń kà 98°C. Lẹ́yìn tí mo ṣe é, 81°C. Mo gba owó mi, mo lọ.

Mo wo heatsink, n kò wo fáànù. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì ná Àǹtí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn tí mo padà dé, n kò ráyè ìwádìí. Olókùú ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì, mo gbé fáànù onídìíró Àǹtí, mo kọjú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, a sì tẹ̀wé títí di aago mọ́kànlá alẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo ṣí i, èlùbọ́ ti tún bo heatsink. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Mo dúró, mo ń wò ó. Ilé tí mo gbá ní oṣù tó kọjá, ta ló tún ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ kíákíá tó báyìí?

Mo padà lọ ní Ọjọ́ Ajé, mo ní kí Àǹtí bá mi sáná sí kọ́ìlì ẹ̀fọn kan. Ó wò mí bí ẹni pé ẹ̀fọn ló ń pa kọ̀ǹpútà.

Èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn ni ohun tó dára jù tí mo mọ̀ láti fi rí atẹ́gùn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò wúwo, ibi tí atẹ́gùn bá ń lọ ló ń lọ. Mo ti ẹ̀gbẹ́ kéèsì pa kó wà bó ṣe máa ń wà, mo tan ẹ̀rọ, mo gbé kọ́ìlì sí iwájú kéèsì, níbi ihò wẹ́wẹ́ tó yẹ kí atẹ́gùn ti máa wọlé. Èéfín padà sí mi lójú. Mo sún mọ́ ọn, ó tún ta sí mi lójú. Mo lọ sẹ́yìn, ó ń ta síta, ìyẹn dára. Mo gbé e sókè, ó ń ta síta. Power pack náà ń ta síta. Gbogbo ibi tí fáànù wà lára ẹ̀rọ yẹn ló ń lé èéfín.

Mo wá gbé kọ́ìlì sí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ki CD bọ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ni èéfín bá tẹ̀, ó wọ inú ihò tóóró yẹn bí okùn tí wọ́n ń fà. Mo fi ìka kan etí ihò náà, ìka mi funfun. Èlùbọ́ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí ló ra fáànù. Ó wá ìsinmi Kérésìmesì láti Èkó, ó rí i pé ẹ̀rọ ń gbóná, ó fi owó ara rẹ̀ ra fáànù mẹ́ta tó ń tan iná aláwọ̀ mèremère, ó fi méjì síwájú, ọ̀kan sórí, láfikún sí èyí tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ dáadáa ni, àlàyé rẹ̀ sì ní ọgbọ́n nínú: “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ooru la fẹ́ lé jáde? Mo wá jẹ́ kí gbogbo wọn máa lé e jáde.” Pẹ̀lú ti power pack, fáànù márùn-ún ló ń lé e.

Ẹni tó bá ti sùn nínú yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo rí yóò mọ ibi tí ọgbọ́n yìí ti já. Atẹ́gùn kì í jáde láti inú àpótí tí nǹkan mìíràn kò bá wọlé rọ́pò rẹ̀. Fáànù lè yí títí kó sun, bí kò bá sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, á kàn máa fa àpótí mọ́ra ni, atẹ́gùn á sì máa wá inú gbogbo lílà àti ihò wọlé: ihò CD, ihò USB, etí ìlẹ̀kùn, ihò ẹ̀yìn tí wọ́n yọ irin rẹ̀. Atẹ́gùn tó gba inú lílà wọlé kéré, kì í sì í gba ibi tí a fẹ́ kọjá. Èyí tó burú jù fún àwa níbí ni pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi asẹ́ dí ogún lílà.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ tútù máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, bóyá kí èyí tó ń jáde pọ̀ ju èyí tó ń wọlé tàbí kó jẹ́ òdìkejì. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta ni. Wọn kò gbé ní Kàbà. Láti oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń gbé iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná wá bá wa láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ni alọlùbọ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí, eruku ló ń dá ẹjọ́. Kí èyí tó ń wọlé pọ̀ díẹ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, kó sì jẹ́ ojú kan tí a lè fi asẹ́ sí ló ti ń wọlé: n kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí ìdí mìíràn wà tí 81°C mi fi di 97°C. Àǹtí ti kéèsì sínú àpótí abẹ́ tábìlì, irú èyí tó ní ògiri mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni na ọwọ́ sínú ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iná kúrò nínú rẹ̀. Ooru tí fáànù ẹ̀yìn ń tu jáde ń kọ lu ògiri, kò ríbi lọ, ó ń padà. Nísàlẹ̀ fáànù ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ihò méjì wà, tóóró, tí wọ́n ti yọ irin ìdérí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n yọ káàdì àtijọ́ kan. Mo gbé kọ́ìlì síbẹ̀. Èéfín wọlé. Ẹ̀rọ ń pọ ooru láti òkè, ó sì ń gbé e mì padà láti ìsàlẹ̀, ibi méjèèjì kò sì jìnnà sí ara wọn ju ọwọ́ kan lọ. Mo pe Àǹtí kó wá wò ó, ó tẹ̀ wò ó, ó ní, “Háà! Ó ń jẹ èébì ara rẹ̀.”

N kò tíì gbọ́ àlàyé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan. Mo yọ fáànù méjì iwájú, mo yí wọn padà kí wọ́n máa fa atẹ́gùn wọlé. Àwọn fáànù olówó pọ́ọ́kú yẹn kò ní ọfà kankan lára tó ń tọ́ka ọ̀nà atẹ́gùn, àmọ́ fáànù kì í purọ́: ẹ̀gbẹ́ tí apá mẹ́rin tó di ọkàn rẹ̀ mú wà, níbi tí wọ́n lẹ bébà mọ́, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ̀gbẹ́ kejì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ló ń fà á. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ gé tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi sí iwájú rẹ̀.

Mo yọ fáànù orí kúrò pátápátá. Àwọn ènìyàn máa ń ní ooru máa ń gòkè, nítorí náà fáànù gbọ́dọ̀ wà lórí. Lóòótọ́ ooru ń gòkè, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń gòkè nínú àpótí kékeré kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tó ń yí, ihò tó kọjú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní alọlùbọ́ ládùúgbò sì jẹ́ ẹnu tó la sílẹ̀ de èlùbọ́. Mo fi téèpù dí i. Mo fi ike tí mo gé lára ìdérí dí àwọn ihò ẹ̀yìn. N kò fi irin agolo dí i bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí bí irin bá já bọ́ sórí bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo so àwọn wáyà tó rọ̀ dirodiro níwájú fáànù pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé kéèsì jáde kúrò nínú àpótí tábìlì, mo gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù méjì kó kúrò nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ó wá ku asẹ́. Àǹtí, tó ti wá ní ìtara fún iṣẹ́ yìí ju èmi lọ, lọ mú aṣọ asẹ́ ògì tó mọ́ wá láti ilé. A fi sí iwájú. Èéfín kọ́ìlì kò rọ́nà wọlé, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn kò dá lóhùn, ooru sì fi ìwọ̀n mẹ́sàn-án gòkè láàárín ogún ìṣẹ́jú. Aṣọ yẹn há jù. Ó wà fún omi ògì, kò wà fún atẹ́gùn. A gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ìpele kan, a fi téèpù mú etí rẹ̀ yí ká. Èéfín wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kì í gba gbogbo èlùbọ́, àmọ́ ó ń gba èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó bá sì lè fọ aṣọ lè fọ̀ ọ́.

Mo jókòó tì í di aago mẹ́rin. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru mi ń kà 36°C. Èyí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé fáànù ń ṣe òtútù. Kì í ṣe é. Atẹ́gùn yàrá ló ń gbé kọjá, nítorí náà kò sí fáànù tó lè mú processor tutù ju yàrá tó wà lọ, bí yàrá bá sì fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná sí i, inú ẹ̀rọ náà yóò fi bíi mẹ́wàá gbóná sí i. Ohun tó ń yè ní 22°C lábẹ́ AC lè kú ní 36°C lábẹ́ páànù láìsí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Irú processor yìí máa ń dín iyára ara rẹ̀ kù bí ó bá ti kan 100°C, bí ìyẹn kò bá ràn án, á pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Kíkú tí Àǹtí ń bínú sí, òun ló gba processor náà là.

A tún sọ ìwé olójú-ewé mẹ́rìnlélógún yẹn di PDF, lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Fọ́tò ńláńlá ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ pupa ìsìnkú àwọn ará Bùnú tí Àǹtí yà gẹ́gẹ́ bí àwòrán ẹ̀yìn sí gbogbo ojú ìwé. Ooru kò ju 74°C lọ.

Àǹtí ní òun fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kéèsì ṣì wà ní ṣíṣí, kí fáànù onídìíró ṣì máa fẹ́ ẹ, torí òun rí i pé ìyẹn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀. N kò jiyàn, mo ní ká dán an wò. A ṣí i, láìfi fáànù onídìíró sí i. Processor sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́ta, Àǹtí rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wá fi hard disk hàn án. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ wà ní títì, fáànù iwájú ń fẹ́ lù ú tààrà, ó wà ní 43°C. Nígbà tí a ṣí i, atẹ́gùn iwájú ń sálọ sí ẹ̀gbẹ́ kó tó kan ohunkóhun, hard disk sì gùn dé 54°C. Ọ̀pọ̀ irú hard disk yẹn ni àwọn tó ṣe é fi 60°C ṣe òpin rẹ̀. Àǹtí wo nọ́ńbà yẹn, ó rántí gbogbo bàbá àti ìyá tó wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló mú ìlẹ̀kùn kéèsì tó ti í pa. Ọmọńlé kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibẹ̀ láti ara ògiri.

Èyí jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìsánlú. Ní àkọ́kọ́, nẹ́ẹ̀tì iwájú funfun bí apá alọlùbọ́, inú heatsink sì mọ́, eyín rẹ̀ ṣeé kà. Àǹtí ń fọ nẹ́ẹ̀tì ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ìsìnkú òpin ọ̀sẹ̀ bá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní kí n wá gbé kọ́ìlì sí ẹ̀yìn fíríìjì òun, torí òun gbọ́ pé mo máa ń fi èéfín wo àìsàn.

Fáànù iwájú ti apá ọ̀tún ti ń dún kẹ́ẹ́rẹ́kẹ́ẹ́rẹ́ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ. Olówó pọ́ọ́kú ni, kò jọ pé yóò rí ọyẹ́ tó ń bọ̀. Èyí tí mo yọ lórí ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ Àǹtí, mo ti fi máákà ya ọfà sí i lára.